Nígbà Tí Àrùn Ẹ̀fọn Bá Wọ Ọpọlọ

 

Lásìkò òjò, ohun kan wà tí àwa tí a ń ta oògùn máa ń rí. Òbí á wọlé, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní oògùn màléríà, ara ọmọ yìí ń gbóná láti ìjẹta." Bí a bá bi í bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, á ní ẹ̀fọn ṣá ni ó jẹ ẹ́. Òótọ́ lè ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe màléríà nìkan ni ẹ̀fọn ń gbé kiri. Ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì pẹ̀lú, oògùn màléríà kò sì ràn án rárá.

Àpẹẹrẹ méjì nìyí. Ní ilẹ̀ Ùgáńdà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àwọn méjèèjì: West Nile ní ọdún 1937, Zika ní ọdún 1947. Ní 1999, West Nile dé New York ní Amẹ́ríkà. Ní 2015, àwọn dókítà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Bùràsíìlì rí i pé ọ̀pọ̀ ìyá ń bí ọmọ tí orí wọn kéré ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé Zika ti ba ọpọlọ wọn jẹ́ láti inú oyún. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà jíjìn ni. Láàrin ọdún 1971 sí 1975, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn rí Zika lára àwọn aláìsàn ní agbègbè Ọ̀yọ́.

Báwo ni ó ṣe ń dé ọpọlọ?

Bí ẹ̀fọn bá jẹ wá, itọ́ rẹ̀ ni ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì sínú ara. Ó ń pọ̀ sí i níbẹ̀, á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń borí rẹ̀. Nínú 10 ènìyàn tí West Nile bá wọ̀ lára, nǹkan bí 8 kì í mọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n nínú nǹkan bí 150, ẹnì kan wà tí yóò wọ ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, pàápàá àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọlọ́hun fi ọgbà yí ọpọlọ ká. Bí àrùn bá fo ọgbà náà, ọpọlọ á wú. Egungun agbárí sì le, kò ní àyè fún wíwú, nítorí náà ọpọlọ á máa fún mọ́ra. Ibẹ̀ ni gìrì ti ń wá. Ẹlòmíràn á yè é, ṣùgbọ́n ìgbàgbé tàbí àìlágbára ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè kù lára rẹ̀.

Àmì tí kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú nílé

Ara gbígbóná pẹ̀lú ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: gìrì, ọrùn tó le gbagidi, ẹ̀fọ́rí ńlá pẹ̀lú èébì, ìsọkúsọ tàbí àìdá ènìyàn mọ̀, oorun tí a kò lè jí i nínú rẹ̀. Ti ọmọ ọwọ́, kí ó kọ ọmú, tàbí kí àwùjẹ̀ rẹ̀ wú sókè.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Lóòótọ́, kò sí oògùn tó ń pa West Nile tàbí Zika. Ṣùgbọ́n màléríà náà lè wọ ọpọlọ, àrùn yírùnyírùn sì ní irú àmì yìí kan náà. Àwọn méjèèjì ní oògùn bí a bá tètè dé. Àyẹ̀wò nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má fi ṣíbí ya ẹnu rẹ̀, ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má sì da ìtọ̀ màlúù tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Nígbà tí a kò bá tíì mọ irú ibà tó jẹ́, paracetamol ni kí ẹ lò. Ẹ yẹra fún aspirin àti ibuprofen, nítorí bó bá jẹ́ ibà dengue, wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ dídà.

Omi àlùwàlá wa ńkọ́?

Ẹ̀fọn tó ń gbé Zika ń jẹ ènìyàn lọ́sàn-án, nítorí náà àwọ̀n alẹ́ nìkan kò tó. Omi mímọ́ tó dúró ló fẹ́ràn: àgbá omi, àmù, táyà, àti kẹ́tù àlùwàlá tí a gbàgbé sí ẹ̀yìn mọ́sálásí. Ara ògiri ohun èlò ni ó ń yé ẹyin sí, ẹyin náà sì lè gbẹ fún oṣù púpọ̀ kí ó tó pa nígbà tí omi bá kàn án. Nítorí náà, dída omi nù kò tó. Ẹ fi kànìnkànìn fọ inú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì bò ó. Ẹ̀fọn tó ń gbé West Nile, ní tirẹ̀, fẹ́ràn gọ́tà tó dí, òru ló sì ń jẹ ènìyàn. Ẹ la gọ́tà, ẹ sì ta àwọ̀n.

Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti kọ́ wa láti máa bo ohun èlò wa lálẹ́. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí ọ̀dọ́ méjì lára wa yí mọ́sálásí ká, kí wọ́n sì wo gbogbo ohun tó gba omi dúró. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù ṣe bẹ́ẹ̀ nílé rẹ̀.

Ọlọ́hun yóò dáàbò bo àwa àti àwọn ọmọ wa. Àmín.