Àwọn Òṣìṣẹ́ Inú Ilẹ̀ Tí Ojú Kò Rí

Bí ẹ̀yin òbí bá bi ọmọ yín pé kí ni ó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí, ó ṣeé ṣe kí ó dáhùn pé ọ́síjìn ni. Náítírójìn ni: ó tó ìdá 78 nínú 100. Láìsí i, ewé kò lè tutù yọ̀yọ̀, ẹran ara wa kò sì lè dàgbà. Síbẹ̀, àgbàdo a máa dúró láàárín afẹ́fẹ́ yìí kí ewé rẹ̀ máa pọ́n nítorí àìní náítírójìn. Ìdí ni pé ègé náítírójìn inú afẹ́fẹ́ so mọ́ra ní méjì-méjì típẹ́típẹ́. Ewéko kò lè tú wọn fúnra rẹ̀.

Bakitéríà ni ó ń tú wọn. Ẹ rọra fa ẹ̀wà kan tu, ẹ ó rí kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò pè é ní àrùn. Ní ọdún 1888, Hellriegel àti Wilfarth ní Jámánì tẹ ẹ̀rí jáde pé kókó wọ̀nyí ni ó ń jẹ́ kí irú ewéko bẹ́ẹ̀ rí náítírójìn gbà láti inú afẹ́fẹ́. Ní ọdún kan náà ni Beijerinck, ará Họ́láǹdì, ya bakitéríà inú wọn sọ́tọ̀. Ẹ̀wà ń fún wọn ní ṣúgà, àwọn náà ń fún un ní náítírójìn. Bí a bá la kókó náà tí inú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tí a bomi là, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí ju gbogbo àwòrán tí a ń yà sójú pátákó lọ.

Àwọn bakitéríà mìíràn ń sọ ohun tí ó jẹrà di amóníà, èyí tí òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú nínú ilé adìẹ. Ẹ̀yà kan sọ amóníà di náítráìtì, òmíràn sọ ọ́ di náítréètì tí gbòǹgbò ń fà mu. Nínú ilẹ̀ tí omi dúró sí, àwọn kan tún ń dá a padà sínú afẹ́fẹ́. Nítorí náà ni ajílẹ̀ tí a dà sínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń ṣòfò.

Àwọn baba wa mọ̀ pé àgbàdo máa ń ṣe dáadáa níbi tí ẹ̀wà ti kúrò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú èso ni ọ̀pọ̀ náítírójìn náà wà, a sì ti kó èso lọ sílé. Ewé, igi àti gbòǹgbò ni ìpín ilẹ̀. Bí a bá fa gbogbo rẹ̀ tu tí a sì dáná sun ún, èéfín ni yóò gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìpín náà lọ. Ní oko ilé-ìwé wa, ọ̀bẹ ni a fi ń gé ẹ̀wà, gbòǹgbò a sì wà nílẹ̀. Ẹ̀pà kò ṣeé gé bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá já èso rẹ̀ tán, a ń kó ewé rẹ̀ padà sórí ebè.