Orí Keje: Mẹ́dàlì Tí Kò Wọnú Ìwé

Ẹ ti mọ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ìjọba, ẹ sì ti mọ̀ pé ẹ̀dà ìwé la ń fi ránṣẹ́, ilé ni ojúlówó ń gbé. A ò ní padà sórí ìyẹn. Orí yìí kan ẹnikẹ́ni tó ti ṣe sójà rí ní Amẹ́ríkà, tàbí tí ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ ti ṣe é. Irú wọn wà láàrin wa. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò MAVNI ní 2009, èyí tó jẹ́ kí àjèjì tó gbọ́ èdè tí àwọn ológun ń wá lè wọṣẹ́ sójà kó sì tètè di ọmọ ìlú, Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n kà sílẹ̀. Sójà tó bá parí iṣẹ́ rẹ̀ máa ń gba ìwé kan tí wọ́n ń pè ní DD 214. Ìwé yìí ló ń sọ ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde, iṣẹ́ tó ṣe, àti bóyá ó jáde pẹ̀lú iyì. Nínú irú èyí tí wọ́n ń lò lóde òní, àlàfo 13 ni wọ́n ń kọ gbogbo mẹ́dàlì àti báàjì rẹ̀ sí. Bí mẹ́dàlì tó gbà lójú ogun kò bá sí ní àlàfo 13, lójú ìjọba, kò gbà á. Ì báà wà lára ògiri pálọ̀, ì báà hàn gbangba nínú fọ́tò, kò gbà á títí ìwé yóò fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ibí gan-an ni àwọn kíláàsì tó ṣáájú yín ti máa ń ṣìnà, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Wọ́n rò pé bí a bá ní kí ìjọba tún àkọsílẹ̀ ṣe, ṣe là ń bẹ ìjọba pé kó fún wa ní mẹ́dàlì. Rárá o. Àtúnṣe ìwé yàtọ̀ sí ìtọrọ mẹ́dàlì. Ìwé kì í fúnni ní mẹ́dàlì. Ìwé ń jẹ́rìí pé wọ́n ti fúnni. Nítorí pé wọn kò mọ ìyàtọ̀ yìí, wọ́n á kọ lẹ́tà ojú ìwé mẹ́fà nípa bí ogun ṣe le tó, nípa àwọn ọ̀rẹ́ tó kú, nípa oorun tí kò wá mọ́ lóru. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹnì kan gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tó ṣí àpòòwé náà kò wá ìyẹn. Ohun tó ń wá ni ìwé àṣẹ tí ọ̀gá ológun fi fún sójà náà ní mẹ́dàlì, ìwé tó ní nọ́ńbà, tó ní ọjọ́, tó ní orúkọ. Ẹni tó san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ tí akọ̀wé sì gbàgbé láti kọ ọ́ sílẹ̀, rìsíìtì ni yóò mú lọ. Kò ní lọ bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Mo tún un sọ: ìwé kì í fúnni ní mẹ́dàlì, ìwé ń jẹ́rìí pé wọ́n ti fúnni.

Ẹni tí èyí bá ti yé yóò rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ló wà, àti pé ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún. Ọ̀nà kìíní wà fún mẹ́dàlì tí wọ́n ti fúnni lóòótọ́, tí ẹni tó tẹ DD 214 kàn fò ó. Èyí kò nílò ẹjọ́ kankan. A ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ àkọsílẹ̀ àwọn ológun, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ìwé kékeré kan tí ń jẹ́ DD 215 ránṣẹ́. Ẹ má ṣe retí DD 214 tuntun o. DD 215 ni àtúnṣe náà, a ó sì máa mú àwọn méjèèjì káàkiri pọ̀. Ọ̀pọ̀ irú àṣìṣe yìí ni kì í tilẹ̀ ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ní 1947, ilé iṣẹ́ ogun pinnu pé ẹnikẹ́ni tó gba Combat Infantryman Badge nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìyẹn báàjì àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tó dojú kọ ọ̀tá, lẹ́tọ̀ọ́ sí mẹ́dàlì Bronze Star. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ti gba ìwé ìjáde ní 1945 àti 1946, wọ́n ti padà sídìí iṣẹ́ wọn. Báwo ni ìwé 1945 ṣe fẹ́ mọ ìpinnu 1947? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò láti ṣàlàyé bó ṣe jagun. Báàjì náà ni ẹ̀rí.

Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tí ilé iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ti dá lóhùn pé kò sí, tí òun sì gbà pé àṣìṣe tàbí ìrẹ́jẹ wà níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù DD 149 ni yóò kún, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàtúnṣe àkọsílẹ̀ ológun ni yóò fi ránṣẹ́ sí. Òfin 1946 ló bí ìgbìmọ̀ wọ̀nyí, kí àwọn aṣòfin má bàa máa ṣe òfin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún sójà kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ ológun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfuurufú ní tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún mẹ́ta ni òfin fi sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ènìyàn rí àṣìṣe náà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ lè fojú fo ọjọ́ bí òdodo bá béèrè fún un, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ọdún mẹ́ta ṣe ìdí láti jókòó. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ rántí ni pé bí ẹ kò bá kọ́kọ́ gba ọ̀nà kìíní, ìgbìmọ̀ yóò dá ìwé yín padà.

Ọ̀nà kẹta nìkan ló jọ ìtọrọ. Ó wà fún ẹni tó ṣe ohun akọni tí ọ̀gá rẹ̀ kò sì dábàá mẹ́dàlì fún un, tàbí tí èyí tí wọ́n fún un kò tó ohun tó ṣe. Ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà ni yóò kọ àbá, aṣòfin kan ní Kọ́ńgrẹ́ẹ̀sì ni yóò sì gbé e lọ. Ọ̀nà yìí ni ìwé ìròyìn máa ń gbé jáde, òun ló sì fa àṣìlóye tí mo ń bá jà. Gbogbo ènìyàn ti gbọ́ ìtàn Henry Johnson. Ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ni, láti Albany ní New York, nínú ẹgbẹ́ ogun 369 tí wọ́n yá àwọn ará Faransé. Ní òru kan ní oṣù Karùn-ún 1918, òun àti Needham Roberts ń ṣọ́nà nígbà tí àwọn sójà Jámánì bíi méjìlá ya lù wọ́n. Johnson fi gírínéèdì jà, ó fi ìdí ìbọn jà nígbà tí ìbọn há, ó fi ọ̀bẹ jà, kò sì jẹ́ kí wọ́n gbé Roberts lọ. Faransé fún un ní mẹ́dàlì Croix de Guerre. Orílẹ̀-èdè tirẹ̀ kò fún un ní nǹkan kan, ó sì kú ní 1929. Ó di 1996 kó tó gba Purple Heart, ìyẹn mẹ́dàlì ẹni tí ọ̀tá ṣe léṣe, 2002 kó tó gba Distinguished Service Cross, 2015 kí Ààrẹ Obama tó gbé Medal of Honor, èyí tó ga jù, kalẹ̀ fún un. Kọ́ńgrẹ́ẹ̀sì ní láti ṣòfin kí wọ́n tó lè fojú fo ọjọ́ tó ti kọjá. Ìrẹ́jẹ ńlá ni, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: wọn kò kọ mẹ́dàlì yẹn rí fún Johnson, nítorí náà kò sí ohun tí akọ̀wé gbàgbé. Ẹni tí mẹ́dàlì rẹ̀ ti ní ìwé àṣẹ tó sì gba ọ̀nà Johnson ń fi ọdún púpọ̀ wá ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan yóò sọ pé, “Ìjọba ló rán mi lógun, ìjọba ló ni fáìlì. Kí ló dé tí èmi ni màá wá ẹ̀rí?” Ìbéèrè yẹn dára, mo sì gbà pé kò rọrùn láti gbé ẹrù yìí ka arúgbó lórí. Ṣùgbọ́n òfin gbà pé ohun tí ilé iṣẹ́ kọ sílẹ̀ tọ̀nà títí ẹnì kan yóò fi fi ẹ̀rí hàn pé kò tọ̀nà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìjọba pàápàá lè má ní fáìlì mọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 1973, iná sọ nínú ilé tí wọ́n kó fáìlì àwọn ológun sí ní St. Louis, ó sì jó fáìlì tó tó mílíọ̀nù 16 sí 18. Nínú fáìlì àwọn ológun orí ilẹ̀ tó jáde láàrin 1912 àti 1960, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ sí i. Kò sí ẹ̀dà kankan. Síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣì ń fi ìwé owó oṣù, ìròyìn àárọ̀ tí ẹgbẹ́ ogun máa ń kọ, àti àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn tún fáìlì pilẹ̀. Ẹni tó ń wá Purple Heart gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀tá ló ṣe òun léṣe, pé dókítà tọ́jú òun, àti pé wọ́n kọ ìtọ́jú náà sílẹ̀. Lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ sílé láti ilé ìwòsàn, tó ní ọjọ́ lórí, lè ṣàlékún ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹni tó wà níbẹ̀, bó bá sọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí.

Ẹlòmíràn yóò ní ìgbéraga ni, kí ènìyàn fi ìyìn sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo bọ̀wọ̀ fún irú ọkàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní Purple Heart máa ń wà ní ipele kẹta nínú ètò ìtọ́jú ìlera àwọn tó ti ṣe ológun, bí kò bá tilẹ̀ sí ìdí mìíràn tó gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́dàlì náà lè wà lórí òkúta ibojì tí ìjọba ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí sójà náà bá sì ti kú, ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ lè béèrè fún àtúnṣe dípò rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ilé ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ohun tí mo kìlọ̀ fún yín ni èké. Má ṣe bẹ ọ̀rẹ́ pé kó jẹ́rìí sí ohun tí kò rí. Ìkìlọ̀ ìjìyà wà lórí DD 149 fún ẹni tó bá parọ́. Má ṣe ra mẹ́dàlì ní ṣọ́ọ̀bù kó o gbé e sáyà. Láti 2013 ni òfin ti sọ ọ́ di ọ̀ràn kí ènìyàn fi irọ́ sọ pé òun gba irú mẹ́dàlì báyìí kó lè rí owó tàbí àǹfààní. Má sì sanwó fún alágbàkọ tó ní òun mọ ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀, nítorí ìgbìmọ̀ kì í gba kọ́bọ̀ lórí DD 149.

Ẹ wo bí ìbéèrè tó mọ́ ṣe ń rí. “Mo fẹ́ kí ẹ fi Purple Heart kún àlàfo 13 lórí DD 214 mi. Ìwé àṣẹ nọ́ńbà báyìí, tó jáde lọ́jọ́ báyìí, ló fún mi. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí.” Gbólóhùn mẹ́ta péré ni. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ ó kọ ọ́ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá kí ó lè dá yín lójú pé ohun tí ẹ fẹ́ sọ lẹ sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orúkọ inú ìwé àṣẹ wé orúkọ inú DD 214, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wa gùn, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lè fò “w” tàbí kó pín orúkọ kan sí méjì, akọ̀wé á sì rò pé ènìyàn méjì ni. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ sọ ọ́ nínú lẹ́tà náà, kí ẹ sì fi ẹ̀rí tì í. Nígbà tí DD 215 bá dé, ẹ tún ka orúkọ náà, ẹ tún ka nọ́ńbà, kí ẹ tó so ó mọ́ DD 214.