Iyọ̀ Tí Ojú Kò Rí

Gbogbo wa ni a mọ iyì iyọ̀. A ń fi iyọ̀ wúre fún ọmọ tuntun ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, pé kí ayé rẹ̀ dùn. Ara wa pẹ̀lú ń fẹ́ iyọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ewu ni.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ ní ọjọ́ kan má tó gíráàmù 5. Èyí kò kún ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì. Ìyá kan lè wí pé, "Èmi kì í bu iyọ̀ púpọ̀ sí ọbẹ̀ o." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ó ka iyọ̀ tí ojú kò rí mọ́ èyí tí ó bù?

Níbo ni iyọ̀ náà wà? Ó wà nínú mágì. Hóró kékeré kan wọn bíi gíráàmù 4, iyọ̀ sì ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ó wà nínú búrẹ́dì, bí búrẹ́dì náà tilẹ̀ dùn bíi ṣúgà. Ó wà nínú Indomie, pàápàá nínú ohun tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kékeré rẹ̀. Ó wà nínú ẹja inú agolo. Àwọn tí ń ta irú pẹ̀lú a máa fi iyọ̀ sí i nígbà mìíràn kí ó má bàa bàjẹ́.

Kí ni iyọ̀ púpọ̀ ń ṣe nínú ara? Iyọ̀ ń fa omi mọ́ra. Omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, ọkàn á sì máa ṣe làálàá láti tì í kiri. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè di ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè fa àrùn rọpárọsẹ̀. Ó lè ba ọkàn àti kíndìnrín jẹ́. Kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá lè ní in. Nítorí náà, ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wọn ìfúnpá yín.

Kí ni kí á ṣe?

1. Bí ẹ bá fi mágì sí ọbẹ̀, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó bu iyọ̀ sí i.

2. Ẹ dín iyọ̀ àti mágì kù díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ahọ́n á mọ́ ọn lára.

3. Ẹ jẹ́ kí àlùbọ́sà, ata, atalẹ̀ àti ẹfínrín mú ọbẹ̀ yín ta sánsán.

4. Ẹ ka ara páálí kí ẹ tó ra oúnjẹ. Ẹ wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì yìí: SALT àti SODIUM. Ohun tí ó pọ̀ jù ni a máa ń kọ ṣáájú. Bí a bá kọ gíráàmù 1 SODIUM, iyọ̀ gíráàmù 2 àti ààbọ̀ nìyẹn.

Ojú tí ó ti mọ ìwé kà lè rí iyọ̀ tí ahọ́n kò mọ̀.

Ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí:

Oúnjẹ wo ni ẹ jẹ lónìí tí iyọ̀ fara pamọ́ sí?

Kí ni a kọ ṣáájú lára páálí mágì ilé yín?