Kútúbà Jímọ̀: Omi Kànga Wa àti Ẹ̀tọ́ Aládùúgbò

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ẹni tí Ó ń sọ omi kalẹ̀ láti sánmọ̀, tí Ó sì ń fi í pamọ́ sínú ilẹ̀ fún àwa ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo gba ara mi àti ẹ̀yin níyànjú pé kí á páyà Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí omi tí a ń fà láti abẹ́ ilẹ̀, ní Ìkòròdú, ní Ìgbògbò, ní Ìjẹ̀dẹ́, títí dé Ẹ̀pẹ́. Omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, kànga ni yóò kọ́kọ́ gbẹ́, nítorí omi rẹ̀ náà ni àwọn bíríkìlà yóò fi po sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà ni yóò gbẹ́ ihò sókàwéè. Inú ilẹ̀ kan náà ni ihò méjèèjì wà, ṣùgbọ́n a máa ń ṣe bí ẹni pé wọn kò mọ ara wọn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi ìkìlọ̀ síta lórí àrùn onígbáméjì, Ìkòròdú wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, pẹ̀lú Etí-Ọ̀sà, Kòsọ́fẹ́ àti Erékùṣù Èkó. Bakitéríà ni kòkòrò tó ń fa onígbáméjì. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tó ń gba ojú ọ̀nà kan náà, láti inú ìgbọ̀nsẹ̀ bọ́ sínú omi, tó kéré ju bakitéríà lọ, tí a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì.

Ẹ wo bí ó ti kéré tó. Èyí tó ń fa rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, bí a bá tò ó sórí mílímítà kan, tí í ṣe ìlà tó kéré jù lọ lára rúlà ọmọ iléèwé, yóò gbà ju 30,000 lọ. Rótáfáírọ́ọ̀sì ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kún ti àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ọdún 2022. (Abẹ́rẹ́ ni mo pè é, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n ń kán an sí.) Nínú ìgbẹ́ ọmọ tó ń ṣàìsàn náà, ìwọ̀nba tó tó gíráàmù kan lè ní fáírọ́ọ̀sì tó ju bílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí kò tó ọgọ́rùn-ún ti tó láti dá ọmọ mìíràn dùbúlẹ̀. Hepatitis A àti hepatitis E, tí wọ́n ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tí ojú yóò sì pọ́n bí àtàrí ìpáǹpá, ọ̀nà omi ni àwọn náà ń gbà.

Iyanrìn máa ń sẹ́ omi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì kéré ju àlàfo àárín iyanrìn lọ fíìfíì, ó sì lè wà láàyè nínú omi abẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn fún oṣù. Ilẹ̀ tiwa yìí, ilẹ̀ iyanrìn ẹ̀bá ọ̀sà ni. Nígbà òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ a máa ru sókè títí yóò fi pàdé ìsàlẹ̀ sókàwéè. Ohun tó wà níbẹ̀ á sì bá a lọ.

Bóyá ẹnìkan yóò bi mí pé, ṣé fáírọ́ọ̀sì ń gbé inú omi ìdọ̀tí lóòótọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lé rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà, inú omi ìdọ̀tí ni wọ́n ti ń wá a, Èkó sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń bu omi náà lọ fún àyẹ̀wò. Bákan náà, ní ìparí ọdún 1955, odò Yamuna kún ní ìlú Delhi ní Íńdíà, ìdọ̀tí ìlú sì wọ ibi tí wọ́n ti ń fa omi fún aráàlú. Àwọn òṣìṣẹ́ omi fi kílóríìnì kún un. Bakitéríà kú. Síbẹ̀, àwọn tí àrùn ẹ̀dọ̀ mú lé ní 29,000, ó sì pẹ́ púpọ̀ kí á tó mọ̀ pé hepatitis E ni. Àrùn yìí kan náà bẹ́ sílẹ̀ ní Ngala, ní ìpínlẹ̀ Borno, ní ọdún 2017. Bí ó bá mú aboyún ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, ó lè pa tó ẹnì kan nínú márùn-ún.

Mo mọ ìbéèrè tó wà lọ́kàn àwọn tó kàwé nínú wa. Wọn yóò ní: “Lèmọ́mù, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé omi tí àwọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀ àti adùn rẹ̀ kò bá yí padà, mímọ́ ni?” Bẹ́ẹ̀ ni, mo kọ́ yín, n kò sì yí ọ̀rọ̀ mi padà. Àmọ́ ìdájọ́ fún ìjọsìn nìyẹn. Kì í ṣe ìwé ẹ̀rí pé omi náà kò ní ṣe ọmọ yín níbi. Omi òkun mọ́ fún àlùwàlá, hádíìsì wà lórí rẹ̀. Ta ló ń fi omi òkun mu gààrí nínú wa?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wá sórí ẹ̀tọ́ aládùúgbò, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbà wá níyànjú ni pé kí kànga àti sókàwéè jìnnà síra tó mítà 30, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Púlọ́ọ̀tì kan jẹ́ 60 sí 120. Ẹni tó ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì, 60 sí 60, bó bá tilẹ̀ gbẹ́ kànga sí igun kan tó sì gbẹ́ sókàwéè sí igun tó dojú kọ ọ́, kò lè tó 100. Bó bá sì sún sókàwéè mọ́ ògiri kó lè jìnnà sí kànga tirẹ̀, ó ti sún un mọ́ kànga ẹlòmíràn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ṣe èyí láì ro ibi sí ẹnikẹ́ni.

Àwọn aṣíwájú wa nínú ìmọ̀ fíkíhì ti sọ̀rọ̀ lórí àyíká kànga tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Háríìmù ni wọ́n ń pè é. Hádíìsì kan wà nínú ìwé Ibn Majah tó dárúkọ ogójì ìgbọ̀nwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ní ọ̀rọ̀ lórí àwọn tó gbà á wá, ọ̀rọ̀ ibùsùn ẹran ọ̀sìn ló sì dá lé. Imaamu Maliki, tí àwa ará ilẹ̀ Yorùbá ń tọ ojú ọ̀nà rẹ̀, kò fi òdiwọ̀n kan pàtó sí i. Ó ní kànga wà ní ilẹ̀ rírọ̀, ó wà ní ilẹ̀ líle, ìnira tó lè ṣẹlẹ̀ ni a ó fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ irú ilẹ̀ tí ẹ wà lórí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ sókàwéè, kí ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, kí ó bèèrè ibi tí kànga rẹ̀ wà. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ojúrere.

Ní ti àwọn tó ń dúró de òjò alẹ́ kí wọ́n tó ṣí ojú ihò ìgbọ̀nsẹ̀ wọn sínú gọ́tà, n kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bá wọn sọ ọ́. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀ fún wa nípa ohun mẹ́ta tó ń fa ègún, ìgbọ̀nsẹ̀ ní ojú omi tí àwọn ènìyàn ń mu sì wà lára wọn.

Nínú ilé, ẹ se omi mímu kí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, pàápàá èyí tí ẹ ó fi ro ẹ̀kọ ọmọ. Álọ́ọ̀mù ń mú omi dá gaara ni, kò tó láti pa fáírọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá fẹ́ lo kílóríìnì, inú omi tó ti dá ni kí ẹ fi sí, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èsì àyẹ̀wò tó bá sọ pé kò sí bakitéríà nínú omi yín kò sọ pé kò sí fáírọ́ọ̀sì.

Mo fi tiwa kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, èmi àti akápò fi téèpù wọn ilẹ̀ láti ẹnu kànga mọ́ṣáláṣí yìí dé etí sókàwéè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa. Ẹsẹ̀ bàtà 38 ni. Sàdákà járíyà ni ẹni tó gbẹ́ kànga náà fún wa ṣe, kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ni a wá gbẹ́ ìkejì tì í. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bu omi ẹ̀rọ ìta fún mímu mọ́, títí kan àwọn ọmọ ilé-kéú. Ẹ lè máa fi ṣe àlùwàlá, kí ẹ tu èyí tí ẹ fi yọ ẹnu dànù. Ìgbìmọ̀ ti rí àyè sí ẹ̀yìn ọgbà tí a ó gbé sókàwéè lọ, a sì ti bèèrè lọ́wọ́ àwọn onílé méjì tó bá wa pààlà níbẹ̀ ibi tí kànga wọn wà kí á tó fàlà sí i. Ọwọ́ akápò ni kí ẹ fi owó iṣẹ́ náà sí.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara mi àti fún ẹ̀yin.