Ẹni Tó Lé Eku Méjì: Ìmọ̀ràn Lórí Ìsinmi Ní Abúlé Ilẹ̀ Faransé

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Àbúrò mi obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin, ó sì fi orúkọ abúlé mọ́kànlá ránṣẹ́ sí mi. Ó ní gbogbo wọn lòun fẹ́ rí nílẹ̀ Faransé kí òun tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí mo ṣe ń kà á ni ó ti ń rẹ̀ mí lórí ìjókòó. Ẹni tó ti ń ṣe àìsùn nítorí aláìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tún fẹ́ fi ìsinmi sáré kiri! Mo ní kó fagi lé mẹ́jọ nínú wọn. Inú bí i díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin náà sọ, torí òun nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Abúlé tó rẹwà pọ̀ nílẹ̀ Faransé débi pé wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn. Charles Ceyrac, olórí ìlú Collonges-la-Rouge, ló dá a sílẹ̀ ní 1982, wọ́n sì pè é ní Les Plus Beaux Villages de France, ìyẹn ni pé àwọn abúlé tó rẹwà jù lọ nílẹ̀ Faransé. Abúlé tí èrò ibẹ̀ bá ju 2,000 lọ kò lè wọ̀ ọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ní ibi méjì, ó kéré tán, tí òfin dáàbò bò. Wọ́n ti lé ní 170. Bí ẹ bá ń ka iye tí ẹ ti rí, ẹ ó kà á títí ìsinmi yóò fi tán.

Ẹ mú àgbègbè kan ṣoṣo. Èyí tí mo fẹ́ràn ni Périgord Noir, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, lẹ́bàá odò Dordogne. Wọ́n pè é ní dúdú nítorí igbó igi óákù tó ṣú bolẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ìlú Sarlat ṣe ibùdó, torí àwọn abúlé Domme, La Roque-Gageac, Beynac àti Castelnaud kò jìnnà sí i ju nǹkan bíi kìlómítà 13 lọ. Sarlat fúnra rẹ̀ tó ìwò. Ní 1962, nígbà tí André Malraux jẹ́ mínísítà fún àṣà, wọ́n ṣe òfin pé kí wọ́n yé wó àdúgbò àtijọ́, kí wọ́n máa tún un ṣe; Sarlat sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé olókùúta aláwọ̀ oyin yẹn fi ṣì dúró. Ọjọ́rú àti Sátidé ni ọjọ́ ọjà wọn, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan bọ́ sínú ọjọ́ tí ẹ máa lò.

Ní ti ibùsùn, ẹ wá ilé tí wọ́n ń pè ní chambre d'hôtes. Ilé onílé ni, tí wọ́n ya yàrá díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àlejò. Òfin kò gbà wọ́n láyè ju yàrá 5 àti àlejò 15 lọ, oúnjẹ àárọ̀ sì wà nínú owó tí ẹ san. Ìyá onílé ni yóò sọ fún yín ibi tí búrẹ́dì ti dùn àti ọ̀nà tí òjò ti bà jẹ́. Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tó lè ṣe èyí fún yín.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn ló ń gbé, ìbáà sì jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ló rò pé ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì ti tó, kò tó. Owó físà náà fún àgbàlagbà jẹ́ yúrò 90 láti Oṣù Kẹfà 2024. Wọ́n á béèrè ìńṣọ́ránsì ìrìn àjò tó tó yúrò 30,000, àti ẹ̀rí ibi tí ẹ máa sùn. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò ni ẹ ti lè kọ̀wé béèrè, kó má sì dín ní ọjọ́ 15. Ẹni tó bá dúró dìgbà náà ń fi ìsinmi rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Láti Paris, ọkọ̀ ojú irin ayára ń gbéni dé Bordeaux ní nǹkan bíi wákàtí méjì, òmíràn á sì gbé yín láti ibẹ̀ dé Sarlat. Oṣù Karùn-ún, Oṣù Kẹfà àti Oṣù Kẹsàn-án ló dára jù. Ní Oṣù Keje àti Oṣù Kẹjọ, àwọn ará Faransé fúnra wọn wà ní ìsinmi, ìta á kún fọ́fọ́. Ní ìgbà òtútù, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ á ti ilẹ̀kùn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù, tí kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹni tí kò kíni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé. Ohun tí bàbá mi fi pàṣán kọ́ mi nílé ni mo tún bá ní abúlé Faransé. Bí ẹ bá wọ ilé búrẹ́dì, kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, ẹ sọ pé “Bonjour, madame”. Bí ọkùnrin bá ni, “Bonjour, monsieur”. Bí àwọn tó wà lórí ìlà bá pọ̀, ẹ kí gbogbo wọn pa pọ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó di “bonsoir”. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ ní “au revoir”. Mo ti rí àlejò tó na ìka sí búrẹ́dì láìkí ẹnikẹ́ni, tí ojú ẹni tó ń tajà sì le koko; àlejò náà jáde, ó ní àwọn ará Faransé kò lọ́yàyà. Bí ọmọ ẹnìkan bá wọlé yín láìkúnlẹ̀, láìdọ̀bálẹ̀, tó ní “ẹ fún mi lómi”, ojú wo lẹ máa fi wò ó? Ọmọ Yorùbá kò yẹ kó jìyà ní irú ibi bẹ́ẹ̀, torí ìkíni ti mọ́ wa lára. Àwọn ará wa láti Kétu àti Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Benin tilẹ̀ gbọ́ èdè Faransé. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́ yín ní gbólóhùn mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra.

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n ebi ní aago tirẹ̀ ní abúlé wọ̀nyí. Láti aago méjìlá ọ̀sán sí aago méjì ni wọ́n ń jẹun. Èmi àti ìyàwó mi dé abúlé kan ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, inú wa sì ti ń kùn. Olóúnjẹ kí wa dáadáa, ó sì ní àwọn ti pa iná. A yà sí ilé ìtajà, wọ́n ti tì í. Bísíkíìtì la jẹ nínú ọkọ̀, a kò sì bára wa sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí aago bá ti lu méjìlá, ibi yòówù tí mo bá wà, mo jókòó. Ọ̀sán ọjọ́ Sunday àti ọjọ́ Monday ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, torí ọ̀pọ̀ ilé ìtajà kì í ṣí.

Ẹ béèrè pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi ọ̀rá ara rẹ̀ sè, pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n dín nínú ọ̀rá náà pẹ̀lú ááyù. Oúnjẹ Sarlat gan-an nìyẹn. Èso kan wà tó jọ awùsá wa, wọ́n ń fi í ṣe àkàrà òyìnbó àti òróró. Ẹ rà á lọ́jà. Bí ẹ bá ní kí wọ́n gbé “une carafe d'eau” wá, omi lásán ni, ẹ ò ní sanwó rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ẹlẹ́dẹ̀ láyè, kó tètè sọ ọ́, nítorí wọ́n máa ń gé e wẹ́wẹ́ sínú sàláàdì.

Àfi kí ẹ yá mọ́tò, torí bọ́ọ̀sì kò wọ́pọ̀. Apá ọ̀tún ni wọ́n ń wà, bíi ti Nàìjíríà, kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fi sọ́kàn. Ní ìkòríta tí kò ní àmì, ẹni tó bá ti apá ọ̀tún yín yọ ló ni ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀rọ̀ tóóró ló ti jáde. Bí ẹ bá rí pátákó funfun tí etí rẹ̀ pupa, tó ní orúkọ abúlé lára, kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni ìwọ̀n eré yín láti ibẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ nọ́ńbà kankan síbẹ̀.

Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ fún La Roque-Gageac ní odindi àárọ̀ kan. Abúlé náà kọ ẹ̀yìn sí àpáta gíga, ó kọjú sí odò àti gúúsù, oòrùn sì ń yan òkúta náà títí ibẹ̀ fi móoru ju àyíká rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń sáré kọjá kò ní rí i pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń hù lẹ́yìn àwọn ilé yẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, nílẹ̀ Faransé! Mo dúró tì í bí ẹni tó bá ará ilé pàdé lájò. Ní 1957, apá kan àpáta náà wó lu àwọn ilé, ó sì pa ènìyàn. Ọkọ̀ ojú omi onípákó tí wọ́n ń pè ní gabare, irú èyí tó ń kó wáìnì àti igi lọ sí Bordeaux láyé àtijọ́, ń gbé àlejò rìn lórí odò fún nǹkan bíi wákàtí kan.

Láti inú ọkọ̀ ni ẹ ó ti mọ ìdí tí ilé olódi fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà ogun tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ní 1337, tí kò parí títí di 1453, odò yìí di ààlà. Beynac wà lọ́wọ́ Faransé, Castelnaud bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì léraléra, àwọn méjèèjì sì ń wo ojú ara wọn lókèèrè. Domme, tí Ọba Philippe Kẹta tẹ̀ dó ní 1281, wà lórí òkè bí ẹni tó ń ṣọ́ gbogbo wọn. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, òkúta ìta Beynac kò mọ ẹni tó wọ bàtà gogoro. Ihò Lascaux, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin ṣàwárí ní 1940, kò jìnnà, ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í láti 1963 nítorí èémí èrò ń ba àwòrán ayé àtijọ́ inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀dà rẹ̀ tó ṣí ní 2016 ni ẹ máa wọ̀.

Bí agbára yín bá ti ń tán, ẹ ṣì fi ìrọ̀lẹ́ kan sílẹ̀ fún ilé olódi Milandes, nítòsí Castelnaud. Josephine Baker, obìnrin dúdú tí wọ́n bí ní St. Louis, Amẹ́ríkà, ní 1906, tó di gbajúgbajà oníjó ní Paris tó sì ṣe amí fún Faransé lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, ló ra ilé náà ní 1947. Ibẹ̀ ló ti tọ́ ọmọ 12 tó gbà ṣọmọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Gbèsè gba ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2021, Faransé fi orúkọ rẹ̀ sí Panthéon láàárín àwọn akọni wọn, òun sì ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Àwòrán kan wà tí wọ́n yà ní 1969, lọ́jọ́ tí wọ́n lé e jáde: ó jókòó lórí àtẹ̀gùn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi aṣọ bora. Àtẹ̀gùn náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ dúró tì í díẹ̀ kí ẹ tó padà sídìí ọkọ̀.