Ẹ Má Kánjú Fọwọ́ Kan Backup Tó Bàjẹ́

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹni tó bá gbé backup àtijọ́ tó ti bàjẹ́ tọ̀ yín wá, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró, ojú ń kán an. Ẹ fún un ní àga, ẹ fún un lómi, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìkánjú rẹ̀ ràn yín. Ọ̀pọ̀ dátà ló jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á là ló parun sí.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bí dísìkì bá ń dún kẹ́kẹ́, ẹ má ṣí fáìlì kankan lórí rẹ̀. ddrescue ni kẹ́ ẹ lò: ibi tó ṣeé kà ló ń kọ́kọ́ kó, kó tó padà síbi tó le. Ẹ ní kó máa kọ ibi tó dé sílẹ̀, tí iná bá lọ, ibẹ̀ náà ni yóò ti tẹ̀ síwájú. Ẹ gbé ojúlówó pamọ́. Orí ẹ̀dà ni kí ẹ ti máa dán gbogbo nǹkan wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí irú fáìlì tó jẹ́. Orúkọ fáìlì lè parọ́, ẹ wo inú rẹ̀. Èyí tó bá fi PGDMP bẹ̀rẹ̀, PostgreSQL ló ni ín. Bó bá jẹ́ ti mysqldump, ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn: tí ẹ kò bá rí “Dump completed” níbẹ̀, ẹ fura pé ó gé kó tó parí. Àwọn table tó ṣáájú ibi tó gé sí ṣì lè pé pérépéré. Bí MySQL tuntun bá sì kọ̀ láti gba “TYPE=MyISAM”, ìyẹn kì í ṣe ìbàjẹ́, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni; “ENGINE=” ló mọ̀ báyìí.

Bí InnoDB inú MySQL bá kọ̀ tí kò ṣí, ètò innodb_force_recovery wà, láti 1 dé 6. Orí 1 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láti 4 lọ sókè, òun fúnra rẹ̀ lè ba dátà jẹ́ kọjá àtúnṣe. Gbàrà tó bá ṣí, ẹ kó dátà jáde lọ sórí server tuntun.

Kí ẹ tó tẹ àṣẹ tó ń pa nǹkan rẹ́, ẹ wo orí server tí ẹ wà. Lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ GitLab kan pa database rẹ́ lórí server tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn. Kó tó dá a dúró, nǹkan bí 4.5 GB ló ṣẹ́kù nínú 300 GB. Wọ́n sáré lọ wo backup, wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀: pg_dump 9.2 ni wọ́n ń lò fún PostgreSQL 9.6, ó sì ti ń kùnà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ̀dà kan tí wọ́n ti ṣe ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n.

Nínú dátà tó bá padà, orúkọ àwọn èèyàn wa ni kí ẹ fojú sí jù. Bí ẹ bá rí “áº¹” níbi tó yẹ kí “ẹ” wà, ẹ dúpẹ́: báìtì rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, E1 BA B9, ṣì pé, wọ́n kàn kà á bíi latin1 ni. Ẹ yí i padà sí UTF-8. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ “?” ló wà níbẹ̀, létà náà ti lọ. “?y?” lè jẹ́ Ọyọ, ó lè jẹ́ Ẹyọ. Ẹ má méfò.

Tí ẹ bá parí, ẹ kọ ohun tó padà àti ohun tí kò padà sílẹ̀, kí ẹ fi lé oníbàárà lọ́wọ́ kí ẹ tó gbowó. Ẹni tó mọ ohun tí òun pàdánù lè lọ tú rìsíìtì àti ìwé rẹ̀ wò. Ẹni tí ẹ fi orúkọ àméfò dí ojú rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun wá nǹkan kan.