Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí A Kò Bèèrè Fún

Fóònù yín dún. Ẹ sáré mú un, ẹ rò pé ọmọ yín ni. Àṣé ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí ló ní kí ẹ wá ra ilẹ̀, tàbí kí ẹ wá ta tẹ́tẹ́. Irú àtẹ̀jíṣẹ́ báyìí, tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà láìgba àṣẹ, ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní spam.

Ẹran inú agolo ló kọ́kọ́ ń jẹ́ Spam. Ilé-iṣẹ́ Hormel ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1937. Ní 1970, àwọn aláwàdà Monty Python ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe eré lórí tẹlifíṣọ̀n. Nínú eré náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí oúnjẹ tí wọ́n ń tà tí kò ní Spam nínú. Àwọn oníbàárà kan sì ń kọrin ẹran náà kíkankíkan tó bẹ́ẹ̀ tí a kò gbọ́ ohun tí àwọn yòókù ń sọ. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, nítorí spam máa ń bo iṣẹ́ pàtàkì tí wọ́n rán sí wa mọ́lẹ̀.

Ìwà náà ṣáájú orúkọ. Ní oṣù karùn-ún 1978, Gary Thuerk ti ilé-iṣẹ́ Digital Equipment fi ìpolówó kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 èèyàn lórí ARPANET, tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣẹ̀. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Èébú ni flame ní tirẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ kó dun ẹni tó máa kà á. Bí wọ́n bá ń fi èébú dá èébú lóhùn, tí àwọn mìíràn sì gbè sí i, ó di flame war nìyẹn. Lójú tèmi, ó burú ju spam lọ. Ẹyin lohùn; èyí tí a bá sì tẹ̀ ránṣẹ́, ẹlòmíràn lè ya fọ́tò rẹ̀ kó pín in kiri.

Mail bomb tún wà: wọ́n á da ímeèlì rẹpẹtẹ lu ẹnì kan ṣoṣo kí àpótí rẹ̀ lè kún.

Ní Nàìjíríà, ẹ kọ STOP, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442, ìpolówó á dáwọ́ dúró. Ẹ má fèsì èébú. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ìhalẹ̀, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, nítorí òfin 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀.